Bí Wọ́n Ṣe Ń Lóyún Láyà ní Abà Ìdí-Ọ̀sán

Ẹ̀yin ará ilé mi ní Abẹ́òkúta, mo ti dé o. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní àwọn gbọ́mọgbọ́mọ yóò gbé mi ní ojú ọ̀nà Ìbàdàn, ẹ má bínú, mo já yín kulẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé mi. Obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi láàárọ̀ àti lálẹ́, ta ni yóò rà á? Ẹni tó bá mọ̀wé nínú yín, kó ka èyí sétí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, kó má sì fi iyọ̀ tirẹ̀ kún un. Iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ti tó.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, èmi ni agbẹ̀bí tó ti Sàró dé, tó ń bá dókítà òyìnbó ìlú wa ṣiṣẹ́. Ẹ mọ àbúrò mi, Àṣàbí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti lóyún, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni ọmọ sì wáyé ní oṣù keje. Ọmọ á wáyé láàyè, á ké bí ọmọ ológbò, kò sì ní lò tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó padà síbi tó ti wá. Àwọn kan nínú yín ń pe Àṣàbí ní ìyá àbíkú, ẹ sì ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe kẹ́lẹ́ tí kò ní gbọ́. Ẹ ṣeun o.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló dùn mí jù, nítorí èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e sínú àpótí dókítà. Gbogbo yín lẹ tò wá wo àpótí náà nígbà tó dé. Páànù ìpele méjì ni, omi gbígbóná wà láàárín ìpele méjèèjì, òwú funfun sì wà nínú. Dókítà ní òun gbọ́ pé wọ́n ń dán irú rẹ̀ wò nílẹ̀ àwọn, pé ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, òtútù ló ń pa á, kì í ṣe àjẹ́. Mo gbà á gbọ́. Mo gbé ọmọ sínú rẹ̀, mo bo ìdérí, mo sì jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ mọ́ínmọ́ín lórí iná. Bí omi bá gbóná, ọmọ á gbóná. Bí omi bá tutù, ọmọ á tutù. Ní ọjọ́ kejì ó tutù, a tún omi kaná, ṣùgbọ́n ọmọ kò gbóná mọ́. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àpótí ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ dáadáa. Ó jọ pé ọmọ ni kò ṣe tirẹ̀.

Nígbà tí Àṣàbí tún lóyún, tí oyún náà wọ oṣù karùn-ún, obìnrin kan tó máa ń gbé obì wá láti Ìrókò sọ fún wa pé ìyá arúgbó kan wà ní abà kan lẹ́yìn Ìrókò, tí àwọn ọmọ oṣù méje kì í fi bẹ́ẹ̀ kú mọ́ lọ́wọ́. Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ wò ó bóyá òtítọ́ ni, kí n ka iye ọmọ tó yè àti iye tó kú, kí n sì gbé àpótí kékeré kan dání kí n fi kọ́ àwọn ará oko lẹ́kọ̀ọ́. Bí mo ṣe di olùkọ́ nìyẹn. Àṣàbí kàn di ọwọ́ mi mú títí ó fi dùn mí.

Ìbàdàn

N kò ní sọ ti ẹsẹ̀ mi tó wú àti ti odò tí a là kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà ṣe gùn tó, kó lọ rìn ín.

Ní bodè, oníbodè wo àpótí tó wà lórí aláàárù mi, ó ní ṣé ẹ̀tù ìbọn ni. Mo ní rárá. Ó fi ìka lù ú, ó ní ṣé pósí ni, ta ló kú? Mo ní ẹnì kan ti kú, ṣùgbọ́n kò sí nínú rẹ̀. Ó kí mi kú ará fẹ́ra kù, ó sì jẹ́ kí n kọjá.

Wọ́n máa ń sọ pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Mo jẹ́rìí sí i, nítorí wọ́n gbè mí débi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ilé bàbá kan tó ń ta aṣọ, ìmàle tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ Àṣàbí, ni mo dé sí. Àwọn ìyàwó wọn gbé ọkà kalẹ̀ fún mi, ọkà dúdú kan báyìí, kì í ṣe irú láfún wa funfun yìí, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran òkété. Bí mo bá ní mo yó, wọ́n á ní ṣé ọbẹ̀ kò dùn ni. Bí mo bá tún bu òkèlè, àwọn ọmọ ilé á máa wo ara wọn pé Ẹ̀gbá yìí mà lè jẹun o. Bí mo bá la ẹnu sọ̀rọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ohùn mi. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á ní ara mi kò yá. Inú rere wọn kò fún mi ní ààyè láti mí.

Bàbá náà bi mí pé kí ni mo wá dé Ìbàdàn. Mo ṣàlàyé. Wọ́n wò mí pẹ́, wọ́n ní ní ìlú àwọn yìí, láti àárọ̀ di alẹ́, bí wọn yóò ṣe mú ènìyàn kúrò láyé ni gbogbo ọkùnrin ń gbèrò, ìwọ wá fi ẹsẹ̀ rìn láti Abẹ́òkúta nítorí ọmọ tí kò tó ọ̀pá ìbọn. Wọ́n ní kí Ọlọ́run gbà á ní iṣẹ́ rere fún mi. Wọ́n tún ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ kún un.

Ìkíni mi

Ọyẹ́ ti dé nígbà tí mo kọjá Ìrókò. Gbogbo oko gbẹ, ètè mi là, òtútù àárọ̀ sì ń gúnni lára. Abà náà kò ju agbolé márùn-ún lọ, igi ọ̀sán ńlá kan, èyí tí àwa ń pè ní agbálùmọ̀, wà láàárín, èso rẹ̀ pọ́n, ilẹ̀ kún fún èèpo rẹ̀. Àwọn kan níbẹ̀ ń kírun, àwọn kan ń bọ òrìṣà, wọ́n sì jọ ń jẹ ọ̀sán lábẹ́ igi kan náà láìsí ìjà. Ẹ̀yin tí ẹ kò lè jọ pọn omi nínú kànga kan, ẹ gbọ́ o.

Ìyá tí mo wá rí ni gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Àgbà. Mo ti rò pé n ó bá obìnrin gíga kan tí ojú rẹ̀ ń dẹ́rù bani. Obìnrin kúkurú kan ni mo bá, ìlẹ̀kẹ̀ funfun wà lọ́rùn wọn, áásà wà létè wọn, wọ́n ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni obìnrin kan, Rábíátù, jókòó tó ń pa ẹ̀gúsí. Ikùn rẹ̀ ti wálẹ̀, omi ọmú sì ti rin aṣọ àyà rẹ̀. Èmi agbẹ̀bí, ta ni yóò sọ fún mi? Kí orúnkún mi tó kanlẹ̀ ni mo ti ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o! Ọlọ́run yóò dá a sí."

Ẹni tó ń gúnyán gbé ọmọ odó dúró. Obìnrin kan gbé àtẹ rẹ̀, ó wọlé lọ, kò kí mi.

Ìyá Àgbà kò gbójú kúrò nínú ẹ̀wà wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ wo?"

Mo wò yíká. Mo wá rí ọkùnrin kan lábẹ́ ìgbátí, ọkọ Rábíátù, Súmónù ni wọ́n ń pè é. Jagunjagun ni, àpá idà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti etí dé àgbọ̀n. Wọ́n fi ọ̀já di nǹkan mọ́ ọn láyà, wọ́n sì fi aṣọ nípọn bò ó. Orí kékeré kan yọ ní abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, kò tóbi ju ọ̀sán tó wà nílẹ̀ lọ. Mo nawọ́ sí i, mo ní ọmọ yìí.

Ìyá Àgbà ní, "Ìyẹn kì í ṣe ọmọ. Oyún ni. Ó kàn pààrọ̀ ibùsùn ni."

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kì í fi ríran. Wọ́n wá là mí lóye. Ní abà yìí, ọmọ tó bá wáyé ní oṣù keje, wọn kò gbà pé wọ́n ti bí i. Oyún náà ló kúrò níkùn tó lọ sáyà, oṣù méjì ló kù kó pé. Wọn kì í sọ ọ́ lórúkọ, wọn kì í jó, wọn kì í kí ìyá rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n bí ní iṣẹ́ tó ń ṣe: òun ló ń mí fún ara rẹ̀, òun ló ń mú ara rẹ̀ gbóná, òun ló ń fa ọmú. Ẹni tó bá kí ọmọ oṣù méje káàbọ̀, ó ti di gbogbo ẹrù yẹn lé e lórí nìyẹn. Èmi tí mo ti Sàró dé, tí mo mọ Bíbélì kà, mo ti wá fi ìkíni kan ṣoṣo pa ènìyàn ní abà tí n kò tíì mọ ibi tí omi wọn wà.

Wọ́n ní ìtanràn wà fún un. Ẹni tó bá kí oyún bí ọmọ, òun náà ni yóò gbé oyún náà láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀, kí ó lè fi ara gbọ́ pé kò tíì tó bí. Ṣùgbọ́n èmi kò tíì lè san tèmi. Eruku ọ̀nà wà lára mi, wọn kò sì mọ ikọ́ tí mo gbé wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi mí sí yàrá ẹ̀yìn, pé kí n wẹ̀, kí n pààrọ̀ aṣọ, kí n sì jókòó. Àpótí dókítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A jọ wo ara wa.

Aboyún onírùngbọ̀n

Láti ojú fèrèsé yàrá yẹn ni mo ti rí Súmónù. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́, mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí.

Rábíátù ń gbé oyún náà láàárọ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbé e lálẹ́, ọ̀sán sì ni ti Súmónù. Ìgbà tó bá wà láyà rẹ̀, aboyún ni wọ́n kà á sí. Kò gbọdọ̀ gbé ẹrù, kò gbọdọ̀ bínú, oúnjẹ tútù kò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu, òun sì ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún ní ẹran. Ọkùnrin náà gbà á dáadáa, ó tilẹ̀ gbà á jù. Ó ń sọ pé ẹ̀yìn ń ro òun. Ó ní ọ̀sán ń wu òun jẹ, kì í ṣe èyí tó wà nílẹ̀ o, èyí tó wà lókè lórí igi. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń lọ ogun wá pè é láti Ìbàdàn, ó na ọwọ́ kan sí wọn láti ọ̀ọ́kán pé kí wọ́n dúró síbẹ̀, pé òun ò fẹ́ eruku. Bí àkókò ìrun bá tó, ìjókòó ló fi ń kí i, nítorí alùfáà wọn ní bí aboyún tí agbára rẹ̀ kò gbé e bá lè jókòó kírun, ó yẹ kí Súmónù náà lè jókòó. Alùfáà yẹn ní làákàyè ju ọ̀pọ̀ àwọn tí mo mọ̀ lọ.

Mo dẹ́kun ẹ̀rín nígbà tí mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tó ti gbé idà, ó gbé ìka kan sẹ́yìn oyún náà lábẹ́ aṣọ, kò sì gbé e kúrò ní gbogbo ọ̀sán.

Wọn kì í wẹ̀ ẹ́. Òrí ni wọ́n fi ń pa á lára díẹ̀díẹ̀. Wọn kì í rọ ọ́ ní àgbo, bí àwa ṣe máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ wa dí ọmọ nímú tí a ó sì máa dà á sí i lọ́fun. Rábíátù á fún omi ọmú sínú ìkarahun kékeré, wọ́n á ti ìyẹ́ àdàbà bọ̀ ọ́, wọ́n á kán an sí i létè, wọ́n á dúró kó gbé e mì kí wọ́n tó kán òmíràn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹnì kejì, àyà sí àyà ni, ọ̀já kan kò gbọdọ̀ tú kí ìkejì tó gbà á.

Mo bi Ìyá Àgbà pé ta ló kọ́ wọn. Wọ́n ní òkú ló kọ́ àwọn. Ọmọ méjì àkọ́kọ́ tí àwọn fúnra wọn bí, oṣù méje ni àwọn méjèèjì. Wọ́n gbé èkínní sẹ́bàá ààrò, ó gbẹ. Wọ́n fi òwú wé èkejì, ó tutù nínú òwú. Ìgbà tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta tún dé láìpé oṣù, wọn kò ní nǹkan kan tí wọ́n lè dán wò mọ́. Wọ́n kàn gbé e sáyà kó lè kú síbẹ̀, pé ó kéré tán kò ní dá nìkan wà. Kò kú. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń wo ohun tó ń ṣe é lóore àti ohun tó ń ṣe é níbi, lórí ọmọ kan sí òmíràn. Dókítà wa ń pe irú èyí ní ìwádìí nígbà tó bá jẹ́ òun ló ṣe é.

Ọjọ́ ìtanràn

Ní ọjọ́ kẹrin, kí oòrùn tó yọ, wọ́n di oyún náà mọ́ mi láyà.

N kò mọ bí n ó ṣe sọ èyí. Mo ti gbẹ̀bí fún ìdajì ìlú yìí. Ọmọ tí mo ti gbà sọ́wọ́ pọ̀, n kò sì bí ẹyọ kan. Lójú àwọn ẹlòmíràn ni mo ti ń rí ayọ̀, n ó gé ìwọ́, n ó wẹ ọwọ́ mi, n ó sì lọ sílé. Kò sí ẹni tó kí mi kú ewu ọmọ rí, kò sì sí ìdí tí wọn yóò fi kí mi. Nígbà tí nǹkan kékeré yẹn fi etí lé mi láyà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dà bí ẹsẹ̀ ọmọ adìẹ ta mí lábẹ́ ọmú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, n kò sì lè dá a dúró. Kò sí ẹni tó bá mi wí. Wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún mi, nítorí aboyún ni mí.

Nígbà tí oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtàrí, ó dákẹ́ jù. Mo wò ó, àwọ̀ ètè rẹ̀ ti ń yí padà, kò mí. Mo gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ́ ní Sàró. Mo fẹ́ tú u, mo fẹ́ gbọ̀n ọ́n, mo pariwo pe Ìyá Àgbà.

Wọn kò sáré. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn mi, wọ́n ní, "Má tú u. Mí. Mí kanlẹ̀. Ó gbàgbé ni, ìwọ ni kí o rán an létí."

Mo mí. Àyà mi lọ sókè, ó bọ̀ wálẹ̀, mo fi ìka pa á lẹ́yìn bí Súmónù ṣe ń ṣe. Ní ìgbà kẹta, ó mí. Mo bi Ìyá Àgbà pé bí ó bá jẹ́ inú àpótí ló wà ńkọ́. Mo ti mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀. Ọmọ Àṣàbí lè ti gbàgbé bẹ́ẹ̀, lábẹ́ ìdérí tí mo fi ọwọ́ mi bò, kó má sì sí ẹnì kankan tó rán an létí.

Iye tí dókítà fẹ́

Oṣù kan àti díẹ̀ ni mo lò níbẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kí n jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, mo gbé ìwé mi jáde, mo bi Ìyá Àgbà pé ọmọ mélòó ló ti yè lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wò mí bí ẹni tó bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni wọn yóò kú. Wọ́n ní, "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ̀yin Ẹ̀gbá ń kà á ni?" Mo ní rárá, dókítà ló ń kà á.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn abà tó yí wọn ká. Kí oòrùn tó gbóná, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọmọge kan tó ru iṣu dé. Ọkùnrin kan dé tó ní láti tẹrí ba kó tó lè wọ ẹnu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Ìyá Àgbà ní ìkarahun kan ni wọ́n fi ń bọ́ ọ. Ìyá kan dé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ìyá náà ti wà láyà rí, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ náà sì ti wà láyà rí. Wọ́n jókòó sábẹ́ ọ̀sán, wọ́n ń jẹ ẹ̀wà, wọ́n ń bi mí pé ṣé mo ti rí wọn tán. Mo pa ìwé mi dé.

Ìyá Àgbà wá mú mi lọ sí ẹ̀yìn ilé, lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n nawọ́ sí ilẹ̀, wọ́n ní àwọn tí kò gbà láti dúró nìyí. Wọn kò fi wọ́n pamọ́, wọn kò sì kà wọ́n. A dúró díẹ̀, a sì padà.

Ní ọjọ́ tí mo ń palẹ̀ mọ́, mo wá àpótí mi. Mo bá a ní ìdí ògiri, wọ́n ti ṣí ìdérí rẹ̀. Adìẹ kan ti sàba sórí òwú funfun dókítà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń yọ orí lábẹ́ apá rẹ̀. Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Ìyá Àgbà ní àpótí náà dára púpọ̀, kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó, pé adìẹ ni kò sí nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ fún adìẹ. Wọ́n sin mí dé orí ọ̀nà, wọ́n ní bí mo bá délé, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí Àṣàbí.

Ilé

Ó dáa, ẹ̀yin ará ilé. A dé ọ̀dọ̀ yín báyìí.

Mo dé ní ìyálẹ̀ta. Mo bá ìdajì àdúgbò ní ẹnu ọ̀nà Àṣàbí, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìkíni, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ewu ọmọ, àwọn kan nínú yín sì ti ń mi orí kí ẹ tó kí tán. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló bí i. Oṣù keje, bí ìṣe rẹ̀. Mo gba àárín yín kọjá, mo ní ewu wo, ọmọ wo, kí gbogbo yín máa lọ sílé yín. Ẹ ní ọ̀nà jíjìn ti yí mi lórí. Ẹnì kan pè mí ní àjẹ́, mo mọ ohùn rẹ̀.

Dókítà wà ní yàrá, àpótí ńlá wà níwájú rẹ̀, ìdérí ti wà lórí. Àṣàbí kọjú sí ògiri, kò wo ibẹ̀ rárá. Mo wẹ ọwọ́, mo wẹ àyà, mo pààrọ̀ aṣọ. Mo ṣí ìdérí, mo gbé e jáde, mo yí Àṣàbí padà, mo sì dì í mọ́ ọn láyà.

Dókítà kò bínú, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó mú ìwé rẹ̀, ó ní mélòó ló yè ní abà náà? Mo ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ó ní kí ni kí òun wá kọ?

Mo ní, "Ẹ kọ ọ́ pé adìẹ ni kò sí nínú àpótí yín."

Ó ku ẹnì kan. Ẹ mọ ọkọ Àṣàbí, ẹni tí kì í gbé ohunkóhun tó wúwo ju fìlà rẹ̀ lọ. Ó ní ọkùnrin kì í lóyún ní ìdílé àwọn. Mo ní mo ti rí i, nítorí náà ni ìdílé yín ṣe pọ̀ tó báyìí. Ọjọ́ méjì ló fi ń yẹra fún mi. Ní ọjọ́ kẹta, ibà mú Àṣàbí, ọwọ́ èmi nìkan kò sì tó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo oyún náà, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ń gbọ̀n, ó sì bọ́ agbádá rẹ̀. Nígbà tí mo so ọ̀já tán, ojú rẹ̀ yí padà, ó ní, "Ó ń mí sí mi lára." Láti ìgbà yẹn, ẹ̀yìn ti ń ro ó, ẹ̀kọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbóná. Dókítà ń wá lójoojúmọ́, á ti ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń wọn ìgbóná ara bọ abíyá oyún náà, á ní gbígbóná rẹ̀ kò lọ sókè, kò sì wálẹ̀. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Oyún náà ti gbàgbé láti mí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. A rán an létí. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí agbára káká ló fi ń gbé omi ọmú mì, Àṣàbí ń kán an sí i létè tọ̀sán-tòru. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmú fúnra rẹ̀. Obìnrin olóbì ti dé láti Ìrókò pẹ̀lú, ó ní wọ́n ti sọ ọmọ Súmónù lórúkọ, pé Súmónù ti padà sógun, ó sì ń fi ọwọ́ pa àyà rẹ̀ kiri bí ẹni tó sọ nǹkan nù.

Mò ń kọ ìwé yìí pẹ̀lú ọwọ́ kan, nítorí ọwọ́ kejì wà lẹ́yìn oyún náà lábẹ́ aṣọ. Ó ti wúwo. Ó ń ké báyìí débi tí aládùúgbò wa ń ráhùn, inú mi sì ń dùn sí ìráhùn rẹ̀. Oṣù kẹsàn-án tí à ń retí lé ní àná, gbogbo wa jáde wò ó.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí mo lé lẹ́nu ọ̀nà, ẹ lè padà wá ní ọ̀la. Àṣàbí bímọ. Ẹ kí i kú ewu ọmọ, ẹ kí i sókè, kí ẹni tó pè é ní ìyá àbíkú kí i sókè jù. Ẹ kí ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú, òun náà ní ojú òun rí nǹkan. Bí ẹ bá sì kí wọn tán, tí ìkíni bá ṣẹ́kù sí yín lẹ́nu, ẹ kí èmi náà. Mo ti ń dúró dè é láti ọjọ́ pípẹ́.